Dìfẹ́ńdà Tí Wọ́n Mú Lọ́fẹ̀ẹ́: Báwo La Ṣe Ń Mọ̀ Bóyá Àdéhùn Rẹ̀ Tó Owó Tí Wọ́n Ná Lé E?

Bí ìròyìn bá ti jáde pé kìlọ́ọ̀bù kan mú agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn kan lọ́fẹ̀ẹ́, ohùn méjì lẹ máa gbọ́ nílé ìwòran bọ́ọ̀lù, ì báà jẹ́ ní Nyanya, ní Kubwa tàbí ní Sabon Gari ìlú Kano. Àwọn kan á ní kìlọ́ọ̀bù yìí mà gbọ́n o, wọ́n jẹran láì sanwó alápatà. Àwọn kan á dáhùn pé bó bá dára ni, ta ló máa jẹ́ kó lọ lọ́fẹ̀ẹ́? Wọ́n á jiyàn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ohun tí kì í jẹ́ kí iyàn náà tán ni pé kò sẹ́ni tó jókòó ṣírò iye tí ọkùnrin náà máa ná kìlọ́ọ̀bù láti ọjọ́ tó buwọ́ lùwé títí di ọjọ́ tó máa kó ẹrù rẹ̀ lọ, kó sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ tí owó yẹn máa rà.

Ìṣirò yẹn kò le. Ẹni tó lè ṣírò èrè ọjà rẹ̀ ní Wuse lè ṣe é. Ọ̀rọ̀ "ọ̀fẹ́" fúnra rẹ̀ ló ń ṣi èèyàn lọ́nà, pàápàá lórí dìfẹ́ńdà, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kì í hàn nínú iye góòlù.

Ibi tí "ọ̀fẹ́" ti ṣẹ̀ wá

Títí di 1995, kìlọ́ọ̀bù ní Yúróòpù lè di agbábọ́ọ̀lù mú kódà bí àdéhùn rẹ̀ bá ti tán. Jean-Marc Bosman, ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún RFC Liège, fẹ́ lọ sí Dunkerque ní ilẹ̀ Faransé nígbà tí àdéhùn rẹ̀ parí ní 1990, ṣùgbọ́n ọ̀nà dí mọ́ ọn lórí ọ̀rọ̀ owó. Ó gba ilé ẹjọ́ lọ. Ní ọjọ́ 15 Oṣù Kejìlá 1995, ilé ẹjọ́ gíga àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù dá a láre. Láti ọjọ́ yẹn, ẹni tí àdéhùn rẹ̀ bá tán níbẹ̀ lè gbé bàtà rẹ̀ lọ síbi tó wù ú, kìlọ́ọ̀bù àtijọ́ ò sì ní gba kọ́bọ̀. Òfin FIFA tún fi kún un pé bí àdéhùn èèyàn bá ku oṣù mẹ́fà, ó lè bá kìlọ́ọ̀bù mìíràn sọ̀rọ̀, kó sì buwọ́ lùwé pẹ̀lú wọn de ìgbà tí tibí bá parí. Ìdí nìyí tí ariwo irú ìròyìn yìí fi ń pọ̀ ní Oṣù Kìíní: àdéhùn púpọ̀ ní Yúróòpù máa ń parí ní ìparí Oṣù Kẹfà.

Òfin kan wà tí àwọn tó ń tọ́ ọmọ dàgbà nínú bọ́ọ̀lù ní Jos, Kaduna àti Abuja kò gbọdọ̀ gbàgbé. Bí ọmọ bá lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn kí ọdún tó pé ọmọ ọdún 23 tó parí, kìlọ́ọ̀bù tó gbà á gbọ́dọ̀ san owó ìtọ́jú fáwọn tó kọ́ ọ ní bọ́ọ̀lù, bí àdéhùn rẹ̀ tiẹ̀ ti tán. Ìpín 5% tí wọ́n máa ń pín fáwọn olùtọ́jú nígbà tí wọ́n bá ta agbábọ́ọ̀lù ni kì í sí níbẹ̀, torí kò sí owó títà tí a ó ti yọ ọ́. Ẹni tó bá mú ọmọ ọdún 21 "lọ́fẹ̀ẹ́" láti ilẹ̀ òkèèrè kò tíì mú un lọ́fẹ̀ẹ́.

Owó tó kúrò, owó tó kù

Owó kan ṣoṣo ló kúrò nílẹ̀ nígbà tí àdéhùn èèyàn bá ti tán: owó tí ẹ̀ bá san fún kìlọ́ọ̀bù tó ti ń bọ̀. Agbábọ́ọ̀lù náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ejẹ́ǹtì rẹ̀, ẹni tó ń bá a dúnàádúrà, sì mọ̀ ọ́n jù ú lọ. Wọ́n á ní, ẹ̀yin ì bá san mílíọ̀nù mẹ́wàá fáwọn tó ni mí tẹ́lẹ̀. Ẹ fún èmi ní díẹ̀ níbẹ̀. Báyìí ni owó sign-on, ìyẹn owó tí wọ́n ń fún agbábọ́ọ̀lù torí pé ó buwọ́ lùwé, ṣe ń ga, tí owó oṣù ń wú, tí ọdún inú ìwé àdéhùn náà sì ń gùn sí i.

Nítorí náà, ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀: owó sign-on, owó oṣù ní ìlọ́po iye oṣù tó wà nínú ìwé, ilé àti ọkọ̀ tí kìlọ́ọ̀bù máa pèsè, ẹ̀bùn bí wọ́n bá borí, àti ti ejẹ́ǹtì. Lẹ́yìn náà, ẹ pín in sí iye ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí ẹ rò pé ó máa gbá ní tòótọ́. Ẹ má ṣe pín in sí iye tó wà lórí kàlẹ́ńdà. Ibí yìí gan-an ni ìṣirò ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń dojú dé.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ tí a fọwọ́ ara wa dá sílẹ̀ ṣe é. Kì í ṣe owó kìlọ́ọ̀bù kankan. Ká ní ikọ̀ kan ní Kaduna ń wá ẹni tó máa ṣọ́ àárín ẹ̀yìn fún sáà méjì, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ líìgì 38 ní sáà kọ̀ọ̀kan, tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ 76.

Ẹni àkọ́kọ́ jẹ́ ọmọ ọdún 29, àdéhùn rẹ̀ ti tán. Ó ń béèrè owó sign-on ₦12,000,000 àti ₦800,000 lóṣù. Oṣù 24 jẹ́ ₦19,200,000. Ilé fún ọdún méjì ₦3,000,000, ẹ̀bùn ìborí nǹkan bíi ₦1,500,000, ejẹ́ǹtì ₦1,000,000. Àpapọ̀ rẹ̀ ₦36,700,000. Ṣùgbọ́n ẹ wo sáà mẹ́ta tó kọjá: mẹ́fà péré nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́wàá ló ń gbá, orúnkún kì í jẹ́ kó gbá ìyókù. Mẹ́fà nínú mẹ́wàá lára 76 jẹ́ nǹkan bíi 46. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ń lọ sí bíi ₦798,000.

Ẹnì kejì jẹ́ ọmọ ọdún 23, kìlọ́ọ̀bù rẹ̀ ń béèrè ₦10,000,000 kí wọ́n tó fi í sílẹ̀. Òun ní tirẹ̀ ń gba sign-on ₦3,000,000 àti ₦500,000 lóṣù, èyí tó jẹ́ ₦12,000,000. Ilé ₦3,000,000, ẹ̀bùn ₦1,500,000, ejẹ́ǹtì ₦600,000. Àpapọ̀ ₦30,100,000. Mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ló ń gbá, ìyẹn 61. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan jẹ́ bíi ₦493,000. Bí wọ́n bá sì tà á ní ₦8,000,000 lẹ́yìn ọdún méjì, á já sí ₦362,000. "Ọ̀fẹ́" ti wá wọ́n ju èyí tí wọ́n rà lọ ní ìlọ́po méjì àti díẹ̀.

Ẹ má tíì dúró síbẹ̀. Ẹnì kẹta wà tí àwọn alákòóso sábà máa ń gbàgbé: ọmọ tó ti wà nílé, tó ń gba ₦200,000 lóṣù. Oṣù 24 jẹ́ ₦4,800,000, ẹ fi ẹ̀bùn ₦1,500,000 kún un, ó di ₦6,300,000. Bí òun náà bá gbá 61, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan kò ju bíi ₦103,000 lọ. Ìbéèrè tó yẹ ká bi ara wa ni: nǹkan bíi ₦695,000 tí ẹni ọdún 29 fi lé ti ọmọ ilé nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ló máa fi rà fún wa? Bó bá jẹ́ ìyàtọ̀ láàárín jíjábọ́ sí ìpele ìsàlẹ̀ àti dídúró ni, ó tọ́. Bó bá jẹ́ pé ipò kẹjọ la máa parí sí bó wà bí kò sí, owó ti ṣòfò, bó ti wù kí ọkùnrin náà mọ bọ́ọ̀lù tó.

Nínú àpẹẹrẹ yìí kan náà, ká ní orúnkún ẹni àkọ́kọ́ le koko, tó sì ń gbá 65 nínú 76, owó ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan á sọ̀ kalẹ̀ sí bíi ₦565,000. Ọkùnrin kan náà, owó kan náà. Ìlera nìkan ló yí i padà.

Ní Yúróòpù, ìwé ìṣirò owó tún fi nǹkan kan kún un. Owó tí wọ́n fi ra èèyàn ni wọ́n máa ń pín sórí ọdún àdéhùn rẹ̀, kò sì lè ju ọdún márùn-ún lọ lábẹ́ òfin UEFA, àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù ní Yúróòpù, nísinsìnyí. Ẹni tó wá lọ́fẹ̀ẹ́ kò ní irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lórí, ṣùgbọ́n owó oṣù rẹ̀ wọ inú ìṣirò. Láti sáà 2025/26, UEFA kò fẹ́ kí owó oṣù, ìpín owó rírà àti owó ejẹ́ǹtì ju 70% owó tó ń wọlé lọ. Ìdí nìyẹn tí owó oṣù ńlá fi lè ká kìlọ́ọ̀bù lọ́wọ́ kò bí wọn ò tiẹ̀ san kọ́bọ̀ rà á. Àǹfààní kan wà ní ìdàkejì: bí wọ́n bá tà á kí àdéhùn tó parí, èrè gbáà ló sábà ń jẹ́.

Iṣẹ́ tó dára jù kì í hàn

Ẹ jẹ́ ká wá sí bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀, torí ibí ló ṣòro jù.

Atamátàsé rọrùn láti díyelé: ẹ ka góòlù. Dìfẹ́ńdà kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn èèyàn máa ń ka iye ìgbà tó yọ ẹsẹ̀ gba bọ́ọ̀lù, wọ́n á ní ẹni tó ga jù níbẹ̀ ló dára jù. Àṣìṣe ni. Ẹni tó dúró síbi tó yẹ kì í sábà ní láti yọ ẹsẹ̀. Ẹni tó ti pẹ́ kó tó dé ló ń fi ìdí wọ́lẹ̀.

Ní Oṣù Kẹjọ 2001, Manchester United ta Jaap Stam fún Lazio, wọ́n sì mú Laurent Blanc, ọmọ ọdún 35, lọ́fẹ̀ẹ́ láti Inter láti rọ́pò rẹ̀. Ní sáà tó ṣáájú, góòlù 31 ló wọlé wọn ní líìgì. Ní sáà tí Blanc dé, ó di 45, ipò kẹta ni wọ́n sì wà. Blanc kì í ṣe agbábọ́ọ̀lù burúkú, ó wà nínú ikọ̀ tó gba líìgì ní 2003, ẹ̀bi náà kì í sì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ṣùgbọ́n Alex Ferguson fúnra rẹ̀ padà sọ pé àṣìṣe ni títà tí òun ta Stam. Bí akọ́nimọ̀ọ́gbá tó mọṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀ bá lè ṣi dìfẹ́ńdà wò, kò yẹ kí àwa tó ń wo tẹlifíṣọ̀n máa yára dájọ́.

Bí ẹ bá tiẹ̀ fẹ́ lo ònkà, ẹ kọ́kọ́ tún un ṣe. Ẹni tí ikọ̀ rẹ̀ kì í fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ kò ní ọ̀pọ̀ àǹfààní láti gba bọ́ọ̀lù. Ká ní dìfẹ́ńdà kan ń gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ ọ̀tá ní ìgbà 1.4 nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan, ṣùgbọ́n 35% àkókò péré ni bọ́ọ̀lù fi ń wà lọ́dọ̀ àwọn alátakò. Ẹlòmíràn ń gbà á ní ìgbà 2.6, àmọ́ àwọn alátakò tirẹ̀ ní bọ́ọ̀lù fún 65%. Ẹ sọ méjèèjì di ti ikọ̀ tí bọ́ọ̀lù pín sí ọgbọọgba: 1.4 ní ìlọ́po 50, kí ẹ pín in sí 35, jẹ́ 2.0. 2.6 ní ìlọ́po 50, kí ẹ pín in sí 65, òun náà jẹ́ 2.0. Ọgbọọgba ni wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti ẹnì kejì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì lójú ìwé.

Bọ́ọ̀lù orí náà bẹ́ẹ̀. Ẹ má ka iye tó jẹ, ẹ ka iye tó jẹ nínú iye tó dù. Ẹni tó ń ṣọ́ àárín, tó sì ń jẹ mẹ́fà sí méje nínú mẹ́wàá, ó dára. Ti ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀gbẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì.

Wíwò ló kù. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta ló kéré jù: ọ̀kan tí ikọ̀ rẹ̀ borí wẹ́rẹ́, ọ̀kan tí wọ́n fìyà jẹ wọ́n, àti ọ̀kan nílé ẹlòmíràn níwájú ikọ̀ tó le. Fídíò ìṣẹ́jú mẹ́ta tí ejẹ́ǹtì fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp kì í ṣe ẹ̀rí. Kò sẹ́ni tó ń gé àṣìṣe sínú rẹ̀. Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ odindi, ẹ má wo bọ́ọ̀lù. Ẹ wo ọkùnrin náà nígbà tí bọ́ọ̀lù wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì pápá. Ṣé ó ń yí ọrùn wo ẹ̀yìn rẹ̀? Ẹni tí kò bá wẹ̀yìn ni atamátàsé máa ń yọ́ gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Báwo ni ara rẹ̀ ṣe dúró: ṣé ó fi ẹ̀gbẹ́ dúró tí ó fi lè sá síwájú àti sẹ́yìn, àbí ó kọjú gbọnrangandan sí bọ́ọ̀lù bí ẹni tí wọ́n fẹ́ ya fọ́tò? Nígbà tí ikọ̀ rẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdánù bọ́ọ̀lù, ìṣísẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ rẹ̀ ló máa sọ fún yín bóyá ó ti rí ewu kí ewu tó dé.

Ẹ tún wo bí ó ṣe jìnnà sí ẹnìkejì rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣọ́ àárín. Bí àlàfo àárín wọn bá ń fẹ̀ tí kò sì sọ̀rọ̀, tí kò nawọ́, àṣà rẹ̀ nìyẹn, ó sì máa gbé e bọ̀. Bí wọ́n bá gbá kọ́nà, ta ló ń mú? Ṣé ó di ẹni rẹ̀ mú títí bọ́ọ̀lù fi balẹ̀, àbí ó ń wo bọ́ọ̀lù nìkan? Àti bí wọ́n bá fi èèyàn méjì há a mọ́, ṣé ó lè gbá bọ́ọ̀lù jáde fún ẹni tó wọ irú aṣọ rẹ̀, tàbí gbogbo rẹ̀ ló ń já sọ́wọ́ àwọn òǹwòran?

Ohun mìíràn tó ń ba àdéhùn jẹ́ ni ibi tí ìlà ẹ̀yìn ń dúró sí. Ẹni tó ti lo ọdún mẹ́fà nínú ikọ̀ tó ń fà sẹ́yìn sítòsí aṣọ́lé, tó ń fi orí gbá bọ́ọ̀lù kúrò, lè dà bí akọni níbẹ̀. Ẹ gbé e sínú ikọ̀ tó ń dúró nítòsí ìlà àárín pápá, tí ó ní láti yíjú sá mítà ogójì pẹ̀lú ọmọ ọdún 20, akọni á di ẹni ẹ̀sín láàárín oṣù méjì. Kò gbàgbé bọ́ọ̀lù. Iṣẹ́ tí wọ́n gbà á fún ló yàtọ̀ sí èyí tó mọ̀.

Ọjọ́ orí àti ara

Ẹni tó ń ṣọ́ àárín máa ń dàgbà dáadáa, torí ojú àti ọpọlọ ló fi ń ṣiṣẹ́ jù. Ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀gbẹ́ ń sá lọ sá bọ̀, ara rẹ̀ sì ń yára rẹ̀. Nítorí náà ọmọ ọdún 30 láàárín kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú ọmọ ọdún 30 lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Thiago Silva ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún 36 nígbà tí Chelsea mú un lọ́fẹ̀ẹ́ láti PSG ní 2020. Ọdún kan ni wọ́n fún un, pẹ̀lú àyè láti fi kún un. Ó gba ife Champions League pẹ̀lú wọn ní 2021, ó sì wà níbẹ̀ títí di 2024. Ní kìlọ́ọ̀bù yẹn kan náà, Winston Bogarde ti dé lọ́fẹ̀ẹ́ láti Barcelona ní 2000, ọmọ ọdún 29. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n kọ sínú ìwé tirẹ̀. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó gbá fún wọn nínú ọdún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò tó 15, ó sì jókòó gba owó rẹ̀ pé, ohun tí òfin fún un láyè láti ṣe. Ẹni tó dàgbà jù ló yọrí sí rere, ẹni tó kéré ni kò yọrí. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ìwé ti Silva kúrú, wọ́n sì lè dá a dúró lọ́dọọdún. Ìwé ti Bogarde gùn, kò sì sí ibi tí wọ́n lè gbà jáde.

Lórí ìfarapa, irú rẹ̀ ṣe pàtàkì ju iye rẹ̀ lọ. Egungun tó kán tó sì jiná dáadáa kò dẹ́rù bani bíi ti iṣan ẹ̀yìn itan tó ń ya léraléra. Sergio Ramos dé PSG lọ́fẹ̀ẹ́ ní 2021, ọmọ ọdún 35, àdéhùn ọdún méjì. Iṣan ẹ̀yìn ojúgun dà á láàmú débi pé ìparí Oṣù Kọkànlá ló tó gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́. David Alaba dé Real Madrid lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọdún yẹn kan náà fún ọdún márùn-ún, ó gba Champions League ní sáà àkọ́kọ́, kí okùn iṣan orúnkún rẹ̀ tó já ní Oṣù Kejìlá 2023. Ìyẹn kò sọ àdéhùn náà di burúkú láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó kàn fi hàn pé gbogbo ọdún tí ẹ bá kọ sínú ìwé, ẹ̀yin lẹ ru ewu rẹ̀.

Kí ló dé tí wọ́n jẹ́ kó lọ?

Kìlọ́ọ̀bù tó ní i tẹ́lẹ̀ ń rí i lójoojúmọ́. Bí wọ́n bá bẹ̀ ẹ́ kó dúró tó kọ̀, bí Antonio Rüdiger ṣe kúrò ní Chelsea lọ Real Madrid ní 2022, ìyẹn kì í ṣe àbùkù. Bí wọn ò bá gbé ìwé kankan síwájú rẹ̀, ẹ wádìí. Ó lè jẹ́ owó ni wọn ò ní. Ó lè jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá tuntun ni. Ó sì lè jẹ́ ohun tí àwọn oníṣègùn wọn mọ̀.

Àwọn ọmọ wa méjì ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé èèyàn dáadáa. Taye Taiwo kúrò ní Marseille lọ AC Milan lọ́fẹ̀ẹ́ ní 2011, ọmọ ọdún 26, pẹ̀lú àdéhùn ọdún mẹ́ta. Ẹsẹ̀ òsì tó ń dún bí ìbọn ló fi gbajúmọ̀. Àwọn tó lọ bá níbẹ̀ ti gba líìgì Ítálì ní sáà tó ṣáájú, Zambrotta àti Antonini sì ti wà níbẹ̀ fún ipò kan náà. Nígbà tó fi máa di Oṣù Kìíní 2012, wọ́n ti yá a fún QPR ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ola Aina náà jẹ́ ọmọ ọdún 26 nígbà tí àdéhùn rẹ̀ tán ní Torino ní 2023. Nottingham Forest mú un lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọdún kan pẹ̀lú àyè láti fi ọ̀kan kún un. Ó rí ipò rẹ̀, ó lè gbá bọ́ọ̀lù lọ́tùn-ún àti lósì, Forest parí sí ipò keje ní sáà 2024/25, wọ́n sì fún un ní àdéhùn tuntun títí di 2028. Ọjọ́ orí kan náà, ọ̀fẹ́ kan náà. Milan buwọ́ lùwé ọdún mẹ́ta lórí ohun tí wọn kò tíì dán wò; Forest kọ́kọ́ dán an wò.

Inú ìwé fúnra rẹ̀

Òfin FIFA ní àdéhùn kò gbọdọ̀ ju ọdún márùn-ún lọ, àyàfi bí òfin orílẹ̀-èdè bá gbà á láyè. Ti ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kò gbọdọ̀ ju mẹ́ta. Fún dìfẹ́ńdà tó ti lé ní 30, ọdún kan pẹ̀lú àfikún ló bójú mu. Ẹ wo ẹni tó ní ẹ̀tọ́ sí àfikún náà: bó bá jẹ́ ti kìlọ́ọ̀bù nìkan, àǹfààní tiwọn ni, bó bá jẹ́ pé ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 20 péré ló máa mú un ṣẹ láìbéèrè, akọ́nimọ̀ọ́gbá tó kàn gbà á wọlé nínú ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó kẹ́yìn lè ti fi ọdún kan kún gbèsè kìlọ́ọ̀bù láìmọ̀. Ẹ kọ iye ìṣẹ́jú tàbí iye ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀.

Owó tó so mọ́ gbígbá bọ́ọ̀lù sàn ju owó sign-on lọ fún ẹni tó máa ń ṣèṣe. Nínú àpẹẹrẹ ti Kaduna yẹn, ká ní wọ́n gbé ₦6,000,000 kúrò nínú ₦12,000,000 sign-on, tí wọ́n sọ ọ́ di ₦100,000 fún gbogbo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó bá bẹ̀rẹ̀. Bó bá gbá 46, ó gba ₦4,600,000. Bó bá gbá 65, ó gba ₦6,500,000, ju èyí tó béèrè lọ. Ẹni tí ara rẹ̀ dá kò ní kọ̀ ọ́. Bó bá kọ̀ ọ́ kanlẹ̀, ẹ tún ìwé àyẹ̀wò orúnkún rẹ̀ kà.

Àyẹ̀wò ara sì gbọ́dọ̀ ṣáájú ìbuwọ́lùwé. Òfin FIFA kò gbà kí àdéhùn máa dúró lórí àyẹ̀wò tí wọn ò tíì ṣe. Ẹni tó bá kọ́kọ́ buwọ́ lùwé kó tó ṣàyẹ̀wò ti jẹ gbèsè.

Ní Òkè Ọya níbí

Ìṣirò wa níbí ní ohun tí tòkè òkun kò ní. Kano dé Uyo tàbí Maiduguri dé Ilorin kì í ṣe ìrìn àjò kékeré, ojú títì ni ọ̀pọ̀ ikọ̀ sì ń gbà. Ẹ̀yìn àti iṣan itan dìfẹ́ńdà ọdún 33 tó fi odindi ọjọ́ jókòó nínú bọ́ọ̀sì kì í dá bó ṣe yẹ lọ́jọ́ kejì. Ilẹ̀ tó le nígbà ọyẹ́ náà ń jẹ orúnkún. Nítorí náà, iye ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí ẹ rò pé ó máa gbá nílé ẹlòmíràn, ẹ dín in kù díẹ̀.

Líìgì wa sì jẹ́ èyí tí onílé máa ń jàǹfààní púpọ̀ nínú rẹ̀. Dìfẹ́ńdà tí ẹ wò nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ilé nìkan, ẹ ò tíì wò ó. Bó ṣe ń gbá nígbà tí pápá kún fún ariwo àwọn tí kì í ṣe tirẹ̀, tí wọ́n ń tì wọ́n láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, ló ń fi hàn bóyá owó náà tọ́ sí i.

Ní ti agbábọ́ọ̀lù, ọ̀pọ̀ kìlọ́ọ̀bù níbí ló jẹ́ pé owó ìjọba ìpínlẹ̀ ni wọ́n ń gbára lé. Owó sign-on tí wọ́n ṣèlérí lẹ́nu kì í ṣe owó. Kí wọ́n kọ ọjọ́ tí wọ́n máa san án sínú ìwé, ní ìdá méjì tàbí mẹ́ta. Òfin FIFA sọ pé bí kìlọ́ọ̀bù bá jẹ owó oṣù méjì láìtọ́, agbábọ́ọ̀lù lè kọ̀wé sí wọn, kó fún wọn ní ó kéré tán ọjọ́ 15. Bí wọn ò bá san án, ó lè fòpin sí àdéhùn náà. Ìwé kíkọ yẹn ni ọ̀pọ̀ ń fò. Wọ́n á kàn dìde lọ sílé, ẹjọ́ á sì yí dà lé wọn lórí. Kìlọ́ọ̀bù pàápàá ń pàdánù níbẹ̀: dìfẹ́ńdà tí wọ́n mú lọ́fẹ̀ẹ́, tí wọn ò sanwó fún, á tún lọ lọ́fẹ̀ẹ́.

Fún kìlọ́ọ̀bù tó bá fún ẹnì kan ní ọdún méjì, oṣù kejìdínlógún ni kí wọ́n fi àmì sí lórí kàlẹ́ńdà. Nígbà náà oṣù mẹ́fà ló kù, kìlọ́ọ̀bù mìíràn sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀ láìgbàṣẹ. Kí wọ́n tún ìṣirò yẹn ṣe ní oṣù kẹrìndínlógún pẹ̀lú iye ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó ti gbá gan-an: bóyá kí wọ́n fi kún àdéhùn, bóyá kí wọ́n tà á nígbà tí àkókò ríra àti títa agbábọ́ọ̀lù bá tún ṣí, tàbí kí wọ́n jẹ́ kó parí, kí ọmọ ilé tó ń gba ₦200,000 wọ bàtà rẹ̀.